Wọ́n Ní Bàbá Lọ Sóko

Bí ibà lásán ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Orí ń fọ́ mi, ara ń gbóná, ẹnu korò. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Kabba, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n ó dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ibà lára. Mo lo oògùn, mo mu àgbo tí aládùúgbò wa sè fún mi, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Kì í ṣe inú rírun tí èèyàn ń fọwọ́ ra. Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí mi níkùn. Ọkọ mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, ìyẹn fọwọ́ kan ikùn mi tó ti le bíi pákó, ó ní ká má jókòó, kí wọ́n máa gbé mi lọ sí Ìlọrin lójú ẹsẹ̀. Ibà taifọ́ọ̀dù ti dá ìfun mi lu.

N kò rántí púpọ̀ nínú ìrìn àjò náà. Mo ṣáà rántí pé lẹ́yìn tí a kọjá Mopa, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi lórí fóònù: "Bàbá, ẹ máa gbàdúrà. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún wa." Bàbá mi ló ń bá sọ̀rọ̀, ní Odo-Ape, ìlú wa. Mo fẹ́ nawọ́ gba fóònù náà, ọwọ́ mi kò gbéra.

Nígbà tí mo lajú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo bá báàgì kan lára ikùn mi. Wọ́n ti fa ẹnu ìfun jáde sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ń gbà bọ́ sínú báàgì náà, láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ní, "Mà, kì í ṣe títí láé o. Tí inú lọ́hùn-ún bá ti jinná, wọ́n á dá a padà síbi tó wà." Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo yíjú sí ògiri, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Ìlọrin. Ilé rẹ̀ ni mo wà ní gbogbo oṣù tí a fi ń dúró de iṣẹ́ abẹ kejì. Ọkọ mi, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kabba, ó ń wá wò mí lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ wa wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Èmi nìkan wà nínú yàrá kan, pẹ̀lú wíńdò tí mo ṣí sílẹ̀ gbayawu nítorí òórùn. Òórùn náà lè máà sí rárá, n ó ṣì máa gbọ́ ọ. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá wọlé tó sì fọwọ́ pa imú rẹ̀ lásán, ọkàn mi á bàjẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mi ò jẹun lọ́dọ̀ èèyàn mọ́. Mo ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fọ eyín, bí wọ́n ṣe ń gé èékánná. Wàyí o, èmi gan-an ni mi ò lè wí pé mo mọ́.

Kí n sọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ó sì ní oko kaṣú. Mùsùlùmí ni òun àti Ìyá. Nígbà tí mo mú ọkọ mi wálé, tí ìyẹn ń gbọ̀n nítorí pé onígbàgbọ́ ni, ohun tí Bàbá bi í kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé o máa ń jẹ iyán?" Bó bá pè mí lórí fóònù, á ké bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò: "Okun o! Okun o! Okun o!" Bí a ṣe ń kí ara wa lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ṣùgbọ́n tiwa kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á tó béèrè pé, "O jẹun?" Mo máa ń gbé fóònù jìnnà sí etí mi, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ó pè mí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó tún pè mí nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn ìyẹn, kò pè mọ́.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní fóònù Bàbá ti bàjẹ́. Mo pe Ìyá.

"Ìyá, Bàbá dà?"

"Ó lọ sóko."

Bí mo bá pè láàárọ̀, Bàbá lọ sóko. Bí mo bá pè lọ́sàn-án, kò tíì dé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó wà ní mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ohùn èrò lẹ́yìn Ìyá, mo bi í pé àwọn wo nìyẹn. Ó ní àwọn tó wá kí òun ni, ẹsẹ̀ ló ń dun òun, ẹsẹ̀ náà ni kò jẹ́ kí òun lè wá wò mí ní Ìlọrin. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó bá wà lórí ibùsùn á gba ohun tí wọ́n bá kó fún un.

Ṣùgbọ́n ọkàn tó ń ṣàárẹ̀ a máa wá ìdí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí tèmi rí ni pé Bàbá ti gbọ́ nípa báàgì náà, ìríra ti mú un, ọmọ tó ń ru ìgbẹ́ ara rẹ̀ kiri kò wù ú bá sọ̀rọ̀ mọ́. Èrò náà kò bọ́gbọ́n mu. Mo mọ Bàbá. Síbẹ̀ mo dìrọ̀ mọ́ èrò yìí bí ẹni pé ẹ̀rí wà fún un. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi dé láti ilé pẹ̀lú àpò iṣu, ó ní, "Bàbá ní kí n kó o wá fún ọ." Mo ní, "Kí ló ní kí n fi iṣu ṣe? Ṣé iṣu ni mo ní kó fún mi? Ṣé kò lè yá fóònù ẹlòmíì pè mí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Wọ́n gún iyán nínú iṣu náà, mi ò fọwọ́ kàn án.

Òkú ni mo ń bínú sí. Ó ti wà nínú ilẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

Iṣẹ́ abẹ kejì yọrí sí rere. Wọ́n dá ìfun padà, wọ́n rán ojú ibẹ̀, báàgì lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yàgbẹ́ bí èèyàn, mo jókòó sórí ìjókòó ilé ìyàgbẹ́, mo ń dúpẹ́, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí ara mi le díẹ̀ sí i, ọkọ mi wá pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti gbé mi lọ sílé. Bí a ṣe ń gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú kọjá, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká má dúró ní Kabba. Ẹ jẹ́ ká kọjá tààrà sí Odo-Ape, kí Bàbá rí mi. Mo fẹ́ kó rí i pé kò sí ohunkóhun lára mi mọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ ìdarí ọkọ̀. Ó ní, "Jẹ́ ká sinmi lónìí ná. Dókítà ní kí o má rìn jù."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń mu ògì ní pálọ̀ nígbà tí àwọn èèyàn wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣáájú, ẹni tí mo rò pé ó wà ní Ìlọrin. Olórí ẹbí ọkọ mi tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni pásítọ̀ wa àti àbúrò Bàbá láti Odo-Ape. Wọ́n jókòó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí n lọ bu omi wá. Olórí ẹbí ní, "Fi omi sílẹ̀, ìyàwó wa. Padà jókòó." Kò sí ẹni tó ṣí fìlà. Kò sí ẹni tó béèrè bí ara mi ṣe rí. Mo wo ọkọ mi. Ẹ̀yìn ni ó dúró sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Àbúrò Bàbá ló sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, o mọ̀ pé àgbà kì í wà títí. Bàbá rẹ ti darúgbó. Ó ti oko dé lọ́jọ́ kan, ó ní àyà ń há òun, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Kò mu omi náà tán."

Mo ní, "Ìgbà wo?"

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kò tíì pẹ́ tí o dé ilé mi nígbà náà. Dókítà ti ní ká má jẹ́ kí ohunkóhun kó ìdààmú bá ọ. A rò ó, a tún un rò. Àwa ò fẹ́ pàdánù ẹni méjì."

Mùsùlùmí kì í pa òkú tì, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ti ogójì ọjọ́ náà ti kọjá. Opó ni Ìyá ń ṣe nígbà tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Mo jókòó, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń retí kí n ké. Pásítọ̀ tiẹ̀ ti sún mọ́ mi kó lè dì mí mú. Omi kan kò jáde lójú mi. Mo gbé ife ògì mi, mo mu ún tán, mo sì ní mo fẹ́ lọ dùbúlẹ̀.

Orí ibùsùn yẹn ni ohun kejì ti wá bá mi, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lọ. Mo ro gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó rẹ̀, Ìyá. Gbogbo wọn ló fi ojú tó mọ́ kedere wò mí, tí wọ́n sì ń purọ́, fún oṣù tó pọ̀. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ikú Bàbá, kí ni wọn ò lè fi pamọ́ lórí àìsàn tèmi? Wọ́n ní ara mi ti yá. Ta ló sọ fún wọn? Bóyá dókítà ti pè wọ́n sẹ́yìn, bóyá ó ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé kí n lọ kú láàárín àwọn èèyàn mi.

Láti ọjọ́ náà, ìkíni tí ẹnikẹ́ni bá kí mi, mo máa ń tú u wò. Bí aládùúgbò bá ní, "Ẹ kú orí ire," n ó wo ojú rẹ̀ bóyá àánú mi ń ṣe é. Bí ọkọ mi bá gba fóònù tó sì bọ́ síta, n ó dìde lọ fi etí lélẹ̀ lẹ́bàá wíńdò. Bí inú bá kùn lẹ́yìn oúnjẹ, bó ti ń kùn fún gbogbo èèyàn, n ó gbà pé àìsàn náà ti padà dé nìyẹn. Mo dín oúnjẹ kù. Mo pa ata tì, mo pa ẹran tì, ó wá ku ògì nìkan. Mo rù débi pé àwọn tó rí mi nígbà tí mo ń lo báàgì ní ara mi sàn jù báyìí lọ nígbà náà.

A lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pè mí jáde, ìjọ kọrin, wọ́n jó yí mi ká. Mo dúró láàárín wọn nínú aṣọ tuntun, ó sì dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń jó yí ká, tí èmi ń wò láti ojú wíńdò. Nígbà tí a jáde, obìnrin kan tó ń fẹ́ mi fẹ́re di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìwọ tí Ọlọ́run yọ nínú ikú, kí ló dé tí o ń fajú ro? Ṣọ́ra, kó má di àìmoore o." Mi ò fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí láàárọ̀, mi ò rí ìdí tí mo fi jí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀ lẹ́yìn ìdúpẹ́?

Mo padà síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ń kọ ìṣirò pínpín sójú pátákó, mo kọ ọ́ dé ìdajì, mi ò sì mọ ohun tó kàn mọ́. Mo dúró, mo di ṣọ́ọ̀kì mú. Ọ̀gá wa obìnrin ló wá mú mi lọ́wọ́ jáde, ó ní kí n máa lọ sílé, pé òun á rán ẹnì kan sí ọkọ mi.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti dé ṣáájú mi, eruku pákó ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní, "Sọ ohun tó ń ṣe ọ́ fún mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún mi. Kí ni dókítà sọ fún yín? Ọjọ́ mélòó ló kù fún mi láyé?"

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé Bíbélì, ó búra. Mo ní, "Ẹ̀yin kan náà lẹ ní kí n bá Bàbá sọ̀rọ̀ tó bá ti oko dé." Ó fi Bíbélì sílẹ̀, ó sì sunkún, ọkùnrin tí n kò rí omi lójú rẹ̀ rí. Ohun tó wá sọ ni mo ṣì ń rántí: "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, èmi ni n ó pa ọ́."

Ó gbé mi padà lọ sí Ìlọrin. Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, obìnrin ni, ó yẹ ikùn mi wò, ó ní ó dára. Mo ní kó ní kí ọkọ mi jáde. Nígbà tó jáde, mo ní, "Mà, òótọ́ ni mo fẹ́. Mo ti mọ̀ pé ẹ ń pa á mọ́." Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò. Kò jiyàn. Ó bi mí bí mo ṣe ń sùn, bí mo ṣe ń jẹun, ó bi mí bóyá mo máa ń rò pé ó sàn kí n má jí. Ìbéèrè yẹn ni ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí rí. Ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀ Bàbá fún mi, iwájú rẹ̀ ni mo ti sun ún.

Ó ní òun á mú mi rí dókítà mìíràn, ẹni tó ń tọ́jú ọkàn. Mo yarí. Mo ní, "Èmi kì í ṣe wèrè, mà."

Ó ní, "Mi ò pè ọ́ ní wèrè. Ìfun rẹ lu, a rán an. Ọkàn rẹ náà ti fara gbọgbẹ́ níbi kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?"

Dókítà kejì yìí kò yá mi lára. Ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn dákẹ́ pẹ́. Ó fún mi ní oògùn tí mò ń lò lójoojúmọ́, ó sì ní kí n máa wá kí a jọ máa sọ̀rọ̀. Ó pe ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì ní kí wọ́n ṣèlérí lójú mi: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ara mi tí èmi ò ní gbọ́ pẹ̀lú, ìbáà dára, ìbáà burú. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi àbúrò rẹ̀. Mo ní kó dìde. Ìbínú mi kò tán lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì díbọ́n pé ó tán.

Ó ku Ìyá. Láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tíì dé Odo-Ape. Ìgbà tó jáde opó, wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mi ò lọ. Bí n kò bá rí sàréè, nǹkan kan ṣì wà tí kò tíì parí. Ìgbà tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi sùn, tí mo ń jẹ iyán díẹ̀díẹ̀, mo ní kí ọkọ mi gbé mi lọ.

Ẹ̀yìn ilé ni sàréè wà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, koríko ti hù lẹ́bàá rẹ̀. Ìyá jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná, ó ń pa kaṣú. Ó ti gbó lójú mi. Mo kúnlẹ̀. "Okun o, Ìyá."

"Okun, ọmọ mi. O wá."

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe ń rí i sọ? Nígbà tí mo bá pè, tí ẹ ní Bàbá lọ sóko?"

Ó ń pa kaṣú lọ. Lẹ́yìn náà ó dá ọwọ́ dúró. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló kọ́ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ahọ́n mi á já. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, mo ń retí kí o pè. Gbogbo ẹni tó ń wọlé, ikú rẹ̀ ni wọ́n ń bá mi sọ. Ìwọ nìkan lò ń béèrè ibi tó wà. Bí mo bá ti sọ fún ọ pé ó lọ sóko, n ó rí i pẹ̀lú àdá rẹ̀ lójú ọ̀nà ibẹ̀ yẹn. Ó ti lọ sóko nìyẹn. Ó ń bọ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ fún mi pé wọ́n ti túfọ̀ rẹ̀ fún ọ, ọjọ́ náà ló kú sí mi lọ́wọ́."

Mo bi í ní èyí tó ń jẹ mí nínú jù. "Ṣé àìsàn mi ló pa á?"

Kò yára dáhùn, mo sì dúpẹ́ pé kò yára. Ó ní, "Ó dà á láàmú. Mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́. Kì í jẹun tán. Ṣùgbọ́n àyà yẹn ti ń há a kí o tó ṣàìsàn, kò jẹ́ ká sọ fún ẹ̀yin ọmọ." Ó tún ní, "Iṣu tí a fi ránṣẹ́ sí ọ, òun ló gbìn ín. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ wà á. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa fún ọ nípa ìyẹn."

Mo wọ yàrá Bàbá, mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀ títí ọkọ mi fi wá pè mí.

Kì í ṣe pé ara mi ti wá padà sí bó ṣe wà. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mò ń jẹun, oògùn náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Ìgbà mìíràn wà tí ọkọ mi á sọ nǹkan tí kò tó nǹkan, bíi pé iná ti dé, tí n ó sì jáde lọ wò ó fúnra mi. Ó mọ̀, kì í bínú.

Ìyá kọ̀, kò bá wa wá sí Kabba. Mo máa ń lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé nígbà kaṣú, a ó jọ máa ṣa èso tó já bọ́ sábẹ́ igi. Lọ́jọ́ kan ní oṣù tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ọ̀kan, kò sì nàró mọ́. Ó jókòó sínú ewé gbígbẹ, ejìká rẹ̀ ń mì. Mo gbé agbọ̀n mi kalẹ̀, mo jókòó tì í. Ní ilé wa, ohun tí à ń sọ ni pé ó tó gẹ́ẹ́, nu ojú rẹ, ẹkún kì í jí òkú. Mi ò sọ ọ́. Mo fi ẹ̀yìn mi ti ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè rí nǹkan fara tì, ó sì sunkún rẹ̀ títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.